Bí Omi Àbà Ọ̀dán Ṣe Gbé Mi Dé Ajah àti Onírù

Ẹ̀yin ará Àbà Ọ̀dán, láti ìgbà tí mo ti ti Èkó dé ni ẹ ti ń fi ìbéèrè dá mi dúró lọ́nà. Ẹnìkan ní ṣé òótọ́ ni pé òkun máa ń bú. Ẹlòmíràn ní ṣé lóòótọ́ ni àwọn ará Lẹ́kí kì í kí ara wọn. Ẹnu kan ni mo ní, ẹ̀yin sì pọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ọmọ ọmọ mi mú bírò. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó lọ bá ẹni tó mọ̀wé kó kà á fún un, kí n lè ráyè bó ẹ̀gẹ́ mi.

Ẹ̀yin mọ ohun tó gbé mi lọ, ṣùgbọ́n ìwé lè bọ́ sọ́wọ́ àlejò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tún un sọ.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ra ẹ̀gẹ́ wa ló gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé. Wọ́n gbé táǹkì sórí irin, wọ́n to pátákó tó ń gba oòrùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi sì ń yọ láìjẹ epo. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń kó nǹkan lọ tí kì í fi nǹkan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wa. Wọ́n wá kọ nọ́ńbà fóònù gàdàgbà sára táǹkì, wọ́n ní bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ká pe àwọn, kọ́bọ̀ ò ní kúrò lórí fóònù wa.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, ẹ̀rọ náà dákẹ́. A padà sí odò, a tún ń gun òkè olókùúta yẹn pẹ̀lú garawa lórí. Ṣadé ìyàwó ọmọ mi, tó wà nínú oyún oṣù méje, yọ̀ ṣubú níbẹ̀. Ọlọ́run ló kó o yọ: omi dànù, garawa fọ́, oyún dúró. Èmi ni mo fi òrí ra ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì sọ lọ́kàn mi pé omi yìí gbọ́dọ̀ yọ kí ọmọ yẹn tó dé.

Èmi ni olórí àwọn obìnrin, èmi ni mo sì ń pe nọ́ńbà náà. Ọjọ́ ọjà kan kì í kọjá kí n má pè. Mo pè, mo pè, ẹnikẹ́ni ò wá. Dípò ẹni tó máa tún ẹ̀rọ ṣe, ìwé ìpè ni wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n fẹ́ ṣe ìpàdé ńlá ní Onírù, ní Èkó, wọ́n sì fẹ́ kí Ìyá Àbà Ọ̀dán wá dúpẹ́ omi lójú gbogbo ènìyàn.

Omi wo?

Baálẹ̀ pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ bá wa dúpẹ́ o, kí ẹ máa bọ̀. Ẹ má dá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí inú bá bí wọn, ta ni yóò ra ẹ̀gẹ́ wa?"

Mo wo ìta, mo rí Ṣadé tó ń ṣu òṣùká. Mo dìde, mo lọ di ẹrù mi.

Abẹ́ afárá Ajah

Etí ni Ajah kọ́kọ́ ń wọ̀ kó tó wọ ojú. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń han, ẹlẹ́ja ń polówó, ẹnìkan sì gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tó ń bá a ta oògùn eku. Ohùn kan náà ni ẹ̀rọ yẹn ń sọ ṣáá, kò rẹ̀ ẹ́, kò mumi. Mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo sì ṣe bí wọ́n ti kọ́ mi nílé. Ẹ kú ọjà o. Ẹ kú oòrùn o. Ẹ kú ìdúró. Obìnrin kan tó ń ta káàdì fóònù bú sẹ́rìn-ín.

"Mama, ẹ ṣe é níwọ̀n! Bí ẹ bá ní gbogbo Ajah lẹ máa kí, ilẹ̀ á ṣú mọ́ yín síbí."

Ọkùnrin kan tó fẹ́ bá mi gbé ẹrù bi mí pé, "Ìyá, ibo lẹ̀ ń lọ?"

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ìyàwó ń kọ́?"

"Mi ò tíì ní o, Mama. Àbí ẹ mú ọ̀kan wá látilé?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn, ó pa èmi náà. Ibẹ̀ ni Mọ́júọlá ọmọ mi ti wá bá mi. Ó rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti fajú ro. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ẹni tó bá dá ìkíni rẹ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀, ó ti gbà ọ́ lálejò.

Adó

Ọ̀nà Adó ni Mọ́júọlá ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń ránṣọ. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, òun ló sì ń rán sùtánà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ funfun báláú, àfi bíi pé ẹni tó ń tú òwú ló ń gbébẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu. Ilé tí wọ́n ń gbé ní ẹ̀rọ omi tirẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó ń tú jáde níbẹ̀ pọ́n bí ìdọ̀tí irin, ó sì ń rùn bí ìṣó tó ti dípẹtà. Bí Mọ́júọlá bá fi fọ aṣọ funfun, aṣọ á di àwọ̀ èkùrọ́. Nítorí náà, omi tí wọ́n ń rà nínú kẹ́ẹ̀gì ló fi ń fọ aṣọ Ọlọ́run, omi inú ọ̀rá ni wọ́n sì ń mu. Mo ń rántí bí a ṣe máa ń sọ nílé pé àwọn ará Èkó ò mọ ìyà omi.

Ìyá onílé wọn jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ìmẹ́lẹ́ ò sí lára rẹ̀ rárá, àgbà tó ń gbá àgbàlá fúnra rẹ̀ ni. Ó se ìkọ́kọrẹ́ fún mi. Ewùrà ni wọ́n rin, tí wọ́n wá sè pọ̀ mọ́ ata, epo àti ẹja. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé oúnjẹ ọmọ tí kò tíì heyín ni. Mo tọ́ ọ wò. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ìkejì.

Bí a ti ń jẹun ni mo bi í pé, "Ìyá, ọ̀sà rèé lápá ibí, òkun rèé lápá ọ̀hún, ẹ sì tún ń ra omi?"

Ó ní, "Ìyá, ẹni tó ń gbé inú ọjà náà ń ra nǹkan."

Mo wá sọ ohun tó gbé mi wá fún wọn. Mọ́júọlá fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹni tó pe èèyàn wá jẹun, a kì í sọ fún un lójú àlejò pé ọbẹ̀ ò níyọ̀. Ẹ dúpẹ́ níwájú, kí ẹ wá sọ ọ́ fún wọn ní kọ̀rọ̀."

Ìyá onílé ní, "Kọ̀rọ̀ wo? Bí àwọn èèyàn bá ti jẹun tán, ta ló tún ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀?"

Mi ò sùn dáadáa. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló jẹ́ òótọ́.

Ibi tí wọn kì í ti í kí èèyàn

Mọ́júọlá tẹ fóònù, ọkọ̀ kan sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé a ti jọ ṣàdéhùn láti àná. Èmi nìkan ló wá gbé. Mo jókòó, mo ní, "Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé àlàáfíà lẹ jí? Àwọn ọmọ ń kọ́?"

Awakọ̀ náà pa rédíò. Ó bojú wẹ̀yìn. "Mama, láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí léèrè àwọn ọmọ. Àwọn tí mo ń gbé, wọ́n á wọlé, wọ́n á ní, 'Ẹ tan éésì ọkọ̀.' Ó parí nìyẹn."

"Ọmọ mélòó ni?"

"Mẹ́ta, mà. Èyí àbígbẹ̀yìn ń dààmú ìyá rẹ̀ nítorí eyín."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ̀rọ̀ eyín ọmọ títí a fi kọjá gbogbo ilé gíga wọ̀nyẹn, tí ògiri yí ká, tí géètì wà lẹ́nu wọn. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ kò ní bi ọ́ pé ta lo fẹ́ rí. Nọ́ńbà tí onílé fi ránṣẹ́ sí ọ ni yóò béèrè. Bí o kò bá ní nọ́ńbà, bó o bá tilẹ̀ jẹ́ ìyá tó bí onílé, ìta lo wà.

Ilé tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìpàdé ní àpótí kan tó ń gbé èèyàn gòkè. A wà nínú rẹ̀ bíi márùn-ún. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé." Wọ́n wojú ara wọn, wọ́n wo ilẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mi orí díẹ̀ bí ẹni tí eṣinṣin bà lé. N kò bínú. Mo rò ó pé bóyá wọ́n ti kí ara wọn tán nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn.

Ohùn mi

Obìnrin tó pàdé mi ń jẹ́ Ìbùkún. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti máa gbọ́ ti àwọn abúlé tí ilé-iṣẹ́ náà gbẹ́ omi fún. Ó kúnlẹ̀ kí mi nínú sòkòtò, lórí ilẹ̀ tó ń dán bíi díńgí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Mama! Ẹ̀yin rèé! Gbogbo wa níbí la mọ ohùn yín."

Mo ní, "Ohùn mi?"

Ó ní kí n ṣì wá nǹkan jẹ. Oúnjẹ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Adìẹ wà lórí ohun tó jọ ọwọ̀ ìgbálẹ̀, ẹyọ kan lórí igi kọ̀ọ̀kan. Búrẹ́dì rèé, kò ju àtàǹpàkò lọ, wọ́n ki ewé sí i láàárín. Mo jẹ mẹ́fà kí n tó mọ̀ pé mo ti jẹun. Wọ́n gé ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò omi kan tó rí bíi díńgí, omi náà sì kàn dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tò fún un. Mo bu ife kan. Mi ò lè mu ún tán.

Ìgbà tó yá, a wọ yàrá ìpàdé. Àwọn èèyàn ńlá ń bẹ níbẹ̀, òyìnbó méjì wà láàárín wọn, ọ̀gá pátápátá sì jókòó níwájú, bàbá kan tó ti hewú. Àwọn àlejò láti abúlé mìíràn wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Àwòrán yọ lójú ògiri: táǹkì wa nìyẹn, pẹ̀lú igi máńgòrò ilé ìwé! Kí n tó pariwo, mo gbọ́ ohùn mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àánú wa. Olúwa tó fi yín ṣe orísun oore kò ní jẹ́ kí orísun yín gbẹ. Ọwọ́ tí ẹ fi ṣe é fún wa kò ní rọ. Baálẹ̀ ní kí n kí yín. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ní kí n kí yín. Àwọn olùkọ́..."

Ó dún tíì, ó dákẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òmíràn bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ni. Àdúrà ni, ìkíni ni, tíì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òmíràn. Gbogbo ìpè tí mo pè látìgbà tí ẹ̀rọ ti dákẹ́ ni wọ́n tò síbẹ̀, mo sì ń dúró de ibi tí mo ti mẹ́nu ba omi. Kò dé. Kò sí i nínú ọ̀kankan.

Mo sọ̀rọ̀ sí Ìbùkún létí. "Ọmọ mi, ìyókù ọ̀rọ̀ mi dà?"

"Ìyókù wo, mà?"

"Ibi tí mo ti ní omi ò yọ mọ́."

Ó yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Mama, ẹ̀rọ ló ń gba ohùn yẹn. Ìṣẹ́jú kan péré ló ń fún èèyàn, lẹ́yìn náà á pa á. Ẹnìkan á wá gbọ́ ọ, á kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ẹjọ́ ni tàbí ọpẹ́. Gbogbo tiyín, abẹ́ ọpẹ́ la kọ ọ́ sí. Kò sí abúlé tó dúpẹ́ tó yín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rò ó. Bí ewúrẹ́ aládùúgbò bá jẹ iṣu wa, tí a fẹ́ lọ bá a sọ ọ́, ṣebí a ó kọ́kọ́ kí i, a ó kí ilé, a ó béèrè oko, a ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún? Ta ló bí ọ dáadáa tó kọ́ ọ pé kó o fi ẹjọ́ ṣíde? Ẹni tó fún mi lómi, ṣé kí n pè é kí n máa jágbe mọ́ ọn? Mo kí wọn tọkàntọkàn, mo wá sọ bí ẹ̀rọ ṣe dákẹ́, bí Ṣadé ṣe ṣubú, gbogbo rẹ̀ pátá. Fóònù ti kú lọ́wọ́ mi nígbà náà. Èmi ò mọ̀. Afẹ́fẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ọjà gbogbo.

Wọ́n pe orúkọ mi. Ìbùkún di ọwọ́ mi mú. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, nítorí òun ló kó ohùn yẹn jọ, òun ló sì ní kí wọ́n pè mí. Mo rò pé yóò bẹ̀ mí kí n panu mọ́.

Ó ní, "Mama, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fún yín. Bí ẹ bá kí wọn, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á gba máìkì lọ́wọ́ yín. Omi ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀."

Láti ilé ìyá mi títí di ọjọ́ náà, n kò lanu níwájú àgbà rí láìkí i. Mo rí ojú Baálẹ̀ lọ́kàn mi. Mo rí Ṣadé àti òṣùká rẹ̀.

Mo ní, "Omi wa ò yọ. Láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú ni ẹ̀rọ ti dákẹ́. Odò là ń lọ. Ìyàwó ọmọ mi ṣubú lọ́nà odò pẹ̀lú oyún nínú, ó sì tún ń lọ síbẹ̀ báyìí. Ẹ bá wa tún un ṣe." Mo mí kanlẹ̀. "Ó yá, ẹ káàsán o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpérò. Ṣé dáadáa la bá yín?"

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń darí ètò na ọwọ́ sí máìkì, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó hewú dìde. Ó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ìkíni, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fò ọ̀kan. Ó wá yíjú padà, ó ní, "Ta ló ń gbọ́ ohùn yìí?"

Ìbùkún dìde.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bá a wí. Èmi ni mo fi ọpẹ́ bo omi mọ́lẹ̀."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí bàbá kan tó wá láti abúlé kan lọ́nà Abẹ́òkúta nawọ́ sókè lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tiwa náà ti dákẹ́. Mo ní kí n dúpẹ́ ná ni."

Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Tiwa ń kán tó-tó-tó. Èmi náà ti ń pè yín. Mo gbàdúrà fún yín gan-an."

Ọ̀gá bo ojú rẹ̀. Mo rò pé ó ń sunkún, ẹ̀rín ló ń rín.

Etí òkun

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Ìbùkún mú mi lọ wo òkun, kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀yin tó bi mí, bẹ́ẹ̀ ni, ó ń bú. Mo bù ú, mo tọ́ ọ wò, mo tu ú dànù. Omi tó tó yẹn, kò ṣeé fi po ẹ̀kọ.

Ìbùkún bọ́ bàtà, ó jókòó sórí iyanrìn. Ó ní, "Mama, a rò pé tí a bá ti gbẹ́ ẹ tán, tí a sì gbé nọ́ńbà sílẹ̀, a ti ṣe tiwa."

Mo ní, "Ẹni tó fún ọmọ ní adìẹ, ṣé kì í yà wò ó bóyá adìẹ ṣì ń yé?"

"Fóònù ni ó yẹ kó máa bá wa yà."

"Ó yà. Ẹ ò jẹ́ kó jókòó ni."

Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ, òun fẹ́ lọ sọ ọ́ fún wọn lọ́la. Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ fún mi pé òun ò mọ̀ bóyá òun ṣì níṣẹ́ lọ́la. Mo gbàdúrà fún un níbẹ̀, mo sì fà á gùn dáadáa, torí kò sí ẹ̀rọ tó máa pa á mọ́ mi lẹ́nu.

Ilé

Ẹ̀yin náà rí bí wọ́n ṣe wá. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo dé ni ọkọ̀ wọn wọlé. Eku ló jẹ wáyà, erùpẹ̀ sì bo pátákó oòrùn. Ọkùnrin tó tún un ṣe kọ́ Ìyá Rábí aládùúgbò mi àti Ṣadé bí wọ́n ṣe ń nu pátákó náà àti bí wọ́n ṣe ń wo wáyà, ó sì fi irinṣẹ́ díẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ṣì ń ra ẹ̀gẹ́ wa. Baálẹ̀ wá kí mi, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé màá ṣe é. Mo ní ẹ ṣé o, Baálẹ̀.

Iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ Ìbùkún. Wọ́n yọ ẹ̀rọ tó ń dún tíì kúrò. Èèyàn ló ń gbé fóònù báyìí, ọmọbìnrin kan tó gbọ́ Yorùbá dénú. Á jẹ́ kó o kí i tán, á kí ìwọ náà padà, lẹ́yìn náà á ní, "Mama, kí ló wá bàjẹ́ báyìí?"

Ṣadé bí ọmọ rẹ̀, obìnrin ni. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, omi ẹ̀rọ la fi wẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn débi pé mo pe nọ́ńbà náà. Mo ní kò sí nǹkan kan, ọpẹ́ lásán ni. Mo dúpẹ́, mo gbàdúrà, mo kí ọ̀gá, mo kí Ìbùkún, mo kí òyìnbó méjèèjì. Ọmọbìnrin náà ṣe àmín títí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, ọkọ̀ wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. Ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́, ó ń yára.

"Mama, wọ́n ní ẹ dúpẹ́ púpọ̀ lánàá. Wọ́n ní kí n tètè wá wo ohun tó bàjẹ́."

Mo mú un lọ sídìí ẹ̀rọ, mo ṣí i, mo gba omi kún ife, mo sì gbé e fún un kó mu.